Jomrye Yà Kí Ọlọ́run

Bí ẹ bá dé abúlé Gamgol ní ilẹ̀ Kòríà láyé ìgbà tí tẹlifóònù ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan, tí ẹ sì béèrè ilé Tak Jomrye, wọ́n lè sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú tí wọ́n bí obìnrin sí ni wọ́n fi ń pè é nílé ọkọ. Uljin ni wọ́n ti fẹ́ Jomrye wá, nítorí náà Uljin-dek, ìyàwó tó ti Uljin wá, ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Ìjọ, oyè náà sì yẹ ẹ́.

Obìnrin kúkurú ni, ó taagun, ó sì lẹ́nu. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi. Níbi àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ Gamgol máa ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló máa ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá jókòó tì í kò lè gbọ́ àdúrà ara rẹ̀, torí Jomrye kì í gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Yóò to ohun tó fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ: kí òjò má rọ̀ lásìkò tí èso gam bá wà lórí okùn, kí orúnkún ọkọ òun san, kí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yé jò, kí Alàgbà Seok dín ìgbéraga kù. Alàgbà Seok, tó jókòó níwájú, á sì máa gbọ́. Ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni yóò wá sọ èyí tó ń dùn ún dé egungun, pé kí Ọlọ́run dá Gyuho padà wálé fún òun.

Gyuho ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà àjọ̀dún ìkórè tí gbogbo ẹbí péjọ, Gyuho mú obìnrin tó fẹ́ fi ṣaya wálé. Obìnrin náà ti lọ́kọ rí, ó sì ti bímọ kan. Bang Chunsik, baba Gyuho, kò sọ nǹkan kan. Ó jẹun díẹ̀, ó mu ọtí díẹ̀, ni ó bá gbá tábìlì oúnjẹ dànù lójú gbogbo ẹbí. Ọbẹ̀ gbígbóná dà sára aṣọ tuntun tí obìnrin náà wọ̀ wá kí wọn. Gyuho fà á lọ́wọ́ dìde, wọ́n jáde, láti ọjọ́ náà kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilé baba rẹ̀ mọ́. Jomrye ńkọ́? Abọ́ ló ń ṣà. Ó kúnlẹ̀ láàárín ọbẹ̀ tó dànù, ó ń ṣa abọ́ tó fọ́n ká, títí bọ́ọ̀sì fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n Chunsik kò mọ̀ ju ti òsì lọ. Rédíò ló gbájú mọ́ láti ìgbà náà.

Ní Gamgol, bí wọ́n bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, obìnrin á ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, á yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Masil ni wọ́n ń pè é. Àlejò kì í kanlẹ̀kùn, onílé kì í dìde, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé ṣé kò sí. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í ṣe ni pé wọn kì í gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sí masil. Ẹni tó fẹ́ yá àkàbà, ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá a ká ata, kó lọ lọ́sàn-án gangan, kó sọ tẹnu rẹ̀, kó máa lọ. Ẹni tó bá fi masil bojú wá tọrọ nǹkan, wọ́n á fún un, wọn ò ní wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbàgbé.

Ọ̀rẹ́ Jomrye ni opó kan tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri rẹ̀, Yecheon-dek. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì wọ Gamgol níyàwó. Wọ́n jọ sunkún nítorí ìyá ọkọ, nígbà tó sì yá wọ́n jọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Yecheon-dek kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún etí òun. Bí gam bá ti pọ́n, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń mú ọ̀bẹ rẹ̀ wá, àwọn méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á máa bó èso náà kí Jomrye lè so ó kọ́ sábẹ́ òrùlé. Gam tútù máa ń há ahọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, àfi tó bá gbẹ níbẹ̀ kó tó dùn. Wọ́n lè bó agbọ̀n kan tán láìsọ̀rọ̀, ara wọn á sì balẹ̀.

Lẹ́yìn tí Gyuho lọ, nǹkan yí padà. Èbúté Busan ni ọmọ Yecheon-dek ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń rí Gyuho níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Jomrye gbọ́ èyí, ó parí. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ṣé ọmọ rẹ pè, ṣé ó rí i, ṣé ó rù, ta ló ń fọṣọ fún un? Bí Yecheon-dek bá ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, á tún ìbéèrè náà gbé gba ọ̀nà mìíràn. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ti Jomrye tún wá burú ju ìyẹn lọ, torí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹkún kankan, síbẹ̀ etí rẹ̀ wà lóde tọ̀sán tòru.

Nígbà tó di ọdún kan tí gam so wọ̀ǹtìwọnti, Yecheon-dek kò wá. Jomrye rò pé òtútù ló mú un. Ó retí rẹ̀ títí, àfi bó ṣe gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti ilé Hapcheon-dek ní ìsàlẹ̀ abúlé. Ẹ̀rín náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó lọ bá a níbi tó ti ń sá ata, ó bi í léèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ ẹ́.

"O ò ṣẹ̀ mí," Yecheon-dek dáhùn.

"Ilé Hapcheon-dek lo wá ń lọ. Obìnrin tí tíì rẹ̀ kì í gbóná."

"Tíì rẹ̀ kì í gbóná lóòótọ́." Yecheon-dek rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń yí ata lórí ẹní, kò gbójú sókè. "Uljin-dek, tí mo bá jókòó tì ọ́, èmi kọ́ lò ń rí. Ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ Gyuho lò ń rí. O ti sọ mí di ọ̀nà. Ẹ̀yìn sì ti ń dùn mí, gbogbo bí o ṣe ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ yẹn."

Jomrye padà sílé. Ó bínú sí ìkòkò, ó bínú sí ajá, nígbà tí Chunsik sì béèrè ohun tó dé, ó ní kó kọjú sí rédíò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ òótọ́ pátápátá kì í ní ibi tí a lè dì mú láti fi jà, ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, ó jókòó sí ààyè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìbéèrè rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Bó ṣe fẹ́ dárúkọ Gyuho báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn: o ti sọ mí di ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ṣàjèjì nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀ tí Alàgbà Seok fi la ojú kan, ó wẹ̀yìn wò ó bóyá ó ti kú.

Kò kú, ìtìjú ló bá a. Ó ronú pé òun mọ ohun tó ń bí Alàgbà nínú, òun mọ tíì Hapcheon-dek, òun mọ ibi tí wọ́n ń họ fún ajá tí inú rẹ̀ fi ń dùn. Kí lòun mọ̀ nípa Ọlọ́run lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí? Kò mọ ju pé ohun tí òun ń wá wà lọ́wọ́ Rẹ̀. Pásítọ̀ ti wàásù lọ́jọ́ ìsinmi pé Jésù kò pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ ní ẹrú, ọ̀rẹ́ ló pè wọ́n. Jomrye ti ṣe àmín sí i dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó wá rí i báyìí pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ lòun ń wá rí láràárọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan lòun ń wá bá ní ọ́fíìsì, tí òun ń lọ ìwé mọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé agbọ̀n gam rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Wọn kì í tì í. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí tìmùtìmù rẹ̀ nílẹ̀.

"Mo kàn yà kí Ọ ni," ó wí. "Mi ò wá gba nǹkan kan."

Iṣẹ́ ńlá ni. Orúkọ Gyuho ń gòkè wá sí i lẹ́nu, ó ń dá a padà sísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó gam, ó sọ bí ajá ṣe jí ẹja jẹ, ó sọ pé Chunsik ń húnrun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè tán lẹ́nu òun. Ó dákẹ́, ó bó agbọ̀n náà tán, ó sì lọ sílé bí ẹni tó ṣe ìwà òmùgọ̀. Síbẹ̀ ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Pásítọ̀ wọn, Ok Jinwoo, ọ̀dọ́kùnrin láti Seoul, ló kọ́kọ́ bá a níbẹ̀. Ó rò pé ọ̀ràn ńlá ló dé, ó béèrè bóyá kí òun bá a gbàdúrà. Jomrye ní masil lòun wá. Pásítọ̀ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó rò pé oríṣi ààwẹ̀ kan ni. Jomrye ṣàlàyé fún un, ó ní tó bá lè pa ẹnu mọ́, kó jókòó, kó bá òun bó díẹ̀. Ó jókòó, ó gé ara rẹ̀ níka, ó sì lọ ròyìn fún Alàgbà Seok.

Alàgbà dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wo èèpo gam tó wà nílẹ̀, ó wú ikọ́.

"Ìyá Ìjọ, ilé Ọlọ́run lẹ wá sọ di ibi tí wọ́n ń bó gam?"

"Màá gbá a, Alàgbà."

"Pásítọ̀ ní ẹ ní ọ̀rẹ́ yín lẹ wá kí." Ní Gamgol, ẹgbẹ́ ẹni nìkan là ń pè lọ́rẹ̀ẹ́, ẹni tó fi ọdún kan péré ju èèyàn lọ, ẹ̀gbọ́n ni. "Ṣé ẹgbẹ́ yín l'Ọlọ́run ni? Ọdún wo ni wọ́n bí I, tí ẹ̀yin pẹ̀lú Rẹ̀ fi jọ ń ṣọ̀rẹ́?"

Jomrye fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Alàgbà, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọdé ò lè pe àgbà lọ́rẹ̀ẹ́, àfi tí àgbà fúnra rẹ̀ bá ní kó máa bá òun ṣeré. Òun ló ní ká wá. Ṣé kí n wá sọ fún Un pé kò mọ ipò ara Rẹ̀ ni?"

Alàgbà wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, ó kéré tán, kó máa tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀.

Báyìí ni ọwọ́ òtútù ṣe wọlé dé. Ara Jomrye rọ̀. Kò pariwo mọ́ níbi àdúrà, àwọn tó jókòó tì í sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tiwọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Yecheon-dek yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí, wọ́n sì jókòó. Jomrye kò béèrè nǹkan kan. Yecheon-dek dúró de ìbéèrè náà títí, kò gbọ́ ọ, nígbà tó dìde pé òun ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló ń wá ẹni tí yóò béèrè. Jomrye rò nínú ara rẹ̀ pé òun ti kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ti ń rò bẹ́ẹ̀, kó ṣọ́ra.

Nígbà tí ọdún tuntun kù díẹ̀, ọmọ Yecheon-dek pè sórí tẹlifóònù ilé baálẹ̀. Yecheon-dek gbọ́ ohun tó sọ, ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ kó tó lè wá sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní Gyuho ti lọ sí Brazil pẹ̀lú obìnrin náà àti ọmọ náà, wọ́n ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní wọn ò ní padà. Gyuho rán iṣẹ́ kan sí baba rẹ̀, Yecheon-dek ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: kí baba òun máa jẹun rẹ̀ ní àlàáfíà.

Jomrye kò sunkún. Ó dìde, ó fọ àwo tí kò dọ̀tí. Láti ọjọ́ náà kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ì báà ṣe ti àfẹ̀mọ́júmọ́, ì báà ṣe ti ìrọ̀lẹ́. Pásítọ̀ wá kí i, ó ṣe bí ẹni tó ń sùn. Ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé: mo jókòó tì Í ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mi ò tọrọ ohunkóhun, èyí wá ni Ó fi san án fún mi? Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tí òun sọ, ó sì dá kún ìbànújẹ́ rẹ̀. Ṣé ó tọrọ ni àbí kò tọrọ? Ó tọrọ. Dídákẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tó gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Masil ló fi bojú. Ohun tí àwọn ará Gamgol kì í gbàgbé fún ara wọn, òun ló ṣe sí Ọlọ́run. Ojú tì í láti padà, inú sì ń bí i láti padà, ó wá di pé méjèèjì so ó mọ́lẹ̀ sínú ilé.

Yìnyín ń já bọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Yecheon-dek tún wọlé. Ó gbọn orí rẹ̀, ó jókòó, ó fa ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora.

"Mo yà sí ṣọ́ọ̀ṣì yín," ó wí.

"Ìwọ?"

"Mo ń kọjá, mo rí i pé ibẹ̀ ṣókùnkùn. Mo ní, ta ló wá ń jókòó tì Í báyìí? Mo bá wọlé. Mo jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí. Òtútù ibẹ̀ lè pa èèyàn."

"Kí lo wá sọ fún Un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé mo mọ̀ Ọ́n ni? Mo ní ara rẹ ni kò yá, pé o ń bọ̀." Ó fa aṣọ ìbora náà mọ́ra. "Uljin-dek, ibẹ̀ dà bí ilé yìí. Bí ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò wálé."

 Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Jomrye wọ bàtà, ó la inú yìnyín kọjá. Kò gbé agbọ̀n, kò mú ọ̀bẹ. Ó jókòó, kò sì kí I.

"Inú ń bí mi sí Ọ," ó wí. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò fi àdúrà bò ó mọ́lẹ̀. Ó sunkún wàyí, ẹkún tó ti ń bẹ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ àjọ̀dún náà, kò sì fi ìtìjú sí i. Nígbà tí ẹkún náà lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Yecheon-dek padà wá sí i lọ́kàn, ó sì béèrè ohun tí kò béèrè rí láti ọjọ́ tó ti di onígbàgbọ́.

"Ìwọ náà ńkọ́? Báwo ló ṣe rí lára Ọ?"

Kò gbọ́ ohùn. Ó jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, ó sì rò ó. Kí Chunsik tó jẹ́ baba Gyuho, Ọlọ́run ti jẹ́ baba rẹ̀. Chunsik náà ọmọ Rẹ̀ ni, kò sì wálé sọ́dọ̀ Rẹ̀ rí. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni Jomrye ti ń bẹ Ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ ẹni tó ti ọmọ òun mọ́nú àká tí kò fẹ́ ṣí i. Kò ronú kàn án rí pé Ó lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun, kí Òun náà kọjú sí ọ̀nà. Ó sún díẹ̀ lórí tìmùtìmù rẹ̀.

"Àwa méjèèjì la jọ ń retí rẹ̀, àṣé," ó wí.

Gyuho kò dé lọ́dún tuntun náà. Kò dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Jomrye padà sí àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́, ó tún ń dárúkọ ọmọ rẹ̀ ketekete, torí kò sí ọ̀rẹ́ tí a kò lè sọ irú rẹ̀ fún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà á jókòó pẹ́ láìsọ nǹkan kan. Àwọn tó fẹ́ràn láti fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ wò máa ń bi í bóyá Ọlọ́run ti sọ nǹkan kan nípa ọmọ náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Hapcheon-dek bi í bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀, lójú Chunsik.

"A ṣì ń retí rẹ̀," Jomrye dáhùn.

Chunsik rò pé òun ni Jomrye kà mọ́ ara rẹ̀ nínú 'a' tó wí yẹn. Ó gbé ọwọ́ lé rédíò, ó pa á, kò sì jiyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ṣọ́bìrì, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí.